Bí ẹni méjì ṣe ń kọ ìwé àdéhùn kí wọ́n tó dá òwò pọ̀

Àwọn méjì tó fẹ́ dá òwò pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Wọ́n á ní ọ̀rẹ́ àtọjọ́pẹ́ làwọn, tàbí pé ọmọ ìyá kan náà làwọn, ta ni yóò rẹ́ ta ni jẹ? Wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ra ọjà, àdéhùn á wà lẹ́nu. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ọlọ́jà kọ ìwé àdéhùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í wá nígbà tí òwò ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọn kò bá kí ara wọn mọ́ ni wọ́n tó ń wá.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó mú bíró: bí ẹ kò bá ṣe àdéhùn yín, òfin ti bá yín ṣe é. Òfin àjọṣe òwò tí à ń lò ní àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1890 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó ní dọ́gba-ń-dọ́gba ni kí ẹ pín èrè, dọ́gba-ń-dọ́gba ni kí ẹ pín àdánù, ì báà jẹ́ ẹnìkan ló kó gbogbo owó sílẹ̀. Ó ní kò sí owó oṣù fún ẹni tó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹ kò bá dá ìgbà, ẹnikẹ́ni nínú yín lè sọ lọ́jọ́ tó bá wù ú pé òun kò ṣe mọ́. Bí ẹnìkan bá sì kú, àjọṣe náà tú ká nìyẹn. Gbogbo èyí ló ṣeé yí padà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fohùn ṣọ̀kan lé e lórí, kí ẹ sì ní ẹ̀rí.

Ẹ kọ́kọ́ yan irú òwò tí ẹ fẹ́ kó jẹ́ lójú òfin. Èyí kò le. Bí ẹ bá forúkọ òwò lásán sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, orúkọ nìkan lẹ rí gbà; òwò náà kò yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín, gbèsè rẹ̀ lè tẹ̀ lé yín délé. Kọ́ńpìnnì ní tirẹ̀, ẹni ọ̀tọ̀ ni lójú òfin, òun ló ni gbèsè rẹ̀. Láti ìgbà tí CAMA tuntun, òfin tó de àwọn kọ́ńpìnnì, ti dé ní 2020, ẹnìkan ṣoṣo pàápàá lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ tà tàbí tó ń fi ọkọ̀ kó èrò, kọ́ńpìnnì ni mo máa ń ní kó ṣe, nítorí jàǹbá ọjọ́ kan lè gba ilé mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ àjọṣe lásán lẹ fẹ́, tí orúkọ tó wà lára ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí orúkọ ìdílé ẹ̀yin méjèèjì, òfin ní kí ẹ forúkọ náà sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè ṣe é fúnra yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí kálukú mú wá. Kí owó gba báńkì kọjá. Bí òwò kò bá tíì ní àkáǹtì, ẹ fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnìkan nínú yín, kí ẹ kọ "ojú owó òwò wa" síbi àlàyé. Ohun èlò ni àwọn ènìyàn ń fojú fò: ẹ̀rọ ìránṣọ, fíríìsà, jẹnẹrétọ̀. Ẹ kọ ọ́ gbangba bóyá ẹ fi yá òwò ni tàbí ẹ fi sílẹ̀ fún un pátápátá. Èyí tí a fi sílẹ̀ ti di ti ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó gbé e wá kò lè rù ú lọ lọ́jọ́ tí inú bá bí i. Èyí tí a fi yá, ẹ kọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni ọ̀rọ̀ àdánù àti gbèsè.

Èrè kò nira. Wọ́n á ní "ìdajì-ìdajì", wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ àdánù níbi tí a ti ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Àdánù tí ẹ kò bá sì dárúkọ, bí ẹ ṣe ń pín èrè ni òfin yóò ṣe pín in.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹnìkan mú ₦2,000,000 wá. Èkejì kò mú kọ́bọ̀ wá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló mú wá. Ìdajì-ìdajì ni èrè. Lẹ́yìn ọdún kan ọjà kò tà, wọ́n san gbèsè àwọn ará ìta tán, ó ku ₦800,000. Ẹni tó kówó sílẹ̀ á rò pé òun yóò kó ₦800,000 yẹn, kí òun gba kámú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ á rò pé ọdún kan tí òun fi ṣiṣẹ́ lásán ni àdánù tòun. Òfin kò wò ó bẹ́ẹ̀. ₦1,200,000 ló ṣòfò, ₦600,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí kò mú owó wá ní láti lọ wá ₦600,000 fún ẹnikejì rẹ̀. Mo ti rí télọ̀ tó bú sẹ́kún nígbà tí lọ́yà ka èyí sí i létí.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí àdánù bá dé, ojú owó ni yóò kọ́kọ́ lọ sí i, ẹni tó mú iṣẹ́ wá kò ní san owó dípò rẹ̀." Tàbí ẹ kọ òdìkejì. Èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣáà kọ ọ́, kí ẹ sì ṣe irú ìṣirò tí mo ṣe yìí sínú ìwé náà. Èmi kì í kọ ìwé àdéhùn tí kò ní àpẹẹrẹ ìṣirò nínú, nítorí ẹni méjì lè ka gbólóhùn kan kí wọ́n lóye rẹ̀ lọ́nà méjì.

Gbèsè tún wá burú ju àdánù lọ. Aṣojú ara yín lẹ jẹ́ lójú òfin. Bí ẹnikejì yín bá lọ gba ọjà láwìn lórúkọ òwò, tó sì jẹ́ irú ọjà tí ẹ máa ń tà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ gbèsè náà, bí ẹ tilẹ̀ wà ní ìrìn àjò. Ẹni tí ẹ jẹ lówó lè dojú kọ ẹni tó rí já jẹ nínú yín kó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Onítọ̀hún ni yóò wá máa lé ẹnikejì kiri.

Àwọn kan á ní àwọn ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rajà tó ju ₦100,000 lọ láìbéèrè. Ó dára, àmọ́ ìwé tó wà nínú àpótí yín kò de ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà. Oníṣòwò tó ta aṣọ fún yín láwìn ní Gbági kò rí ìwé yín rí. Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí àwọn tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ wọn, ẹ sọ iye náà, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà kan pé àwọn rí i gbà. Bí lẹ́tà bá nira, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí wọ́n fèsì sí sàn ju ẹnu lásán lọ. Òfin ẹ̀rí ti 2011 fàyè gba ohun tó ti inú fóònù jáde, bí ẹ bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Ní báńkì, ìbuwọ́lù ẹni méjì ni kí àkáǹtì náà máa gbà, ì báà jẹ́ tọkọtaya ni yín.

Gbólóhùn tí mo kórìíra jù ni "a ó máa wò ó bó bá ṣe ń lọ". Bí mo bá rí i nínú ìwé tí wọ́n gbé wá, mo máa ń fi bíró pa á. Èkejì rẹ̀ ni ìwé tí wọ́n wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí òfin ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, tí àwọn méjì tó ń ta aṣọ n'Íbàdàn sì buwọ́ lù láìkà.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ẹ kọ bí ẹ ó ṣe pínyà. Ìfitónilétí oṣù mẹ́ta ni mo máa ń kọ. Ẹ kọ ẹni tí yóò díye lé ọjà tó kù. Kí ó jẹ́ ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ yín tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú yín tan. Ẹ kọ ẹni tí yóò di orúkọ òwò mú, àti bí a ó ṣe san ìpín olóògbé fún àwọn ẹbí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí òwò má bàa kú mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì pínyà lóòótọ́, ẹ sọ fún àwọn oníbàárà àti àwọn tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tó mọ̀ yín mọ́ òwò náà tẹ́lẹ̀ lè ṣì mú yín sí gbèsè tí ẹnikejì dá lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò.

Ní ti ìjà, ẹ kọ pé ẹ ó kọ́kọ́ lọ síwájú onílàjà. L'Ékòó, Citizens Mediation Centre, ilé ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀, kì í gbowó. Ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 wà fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5,000,000 lọ.

Ó ku ìbuwọ́lù. Ẹ kọ owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. Ẹ buwọ́ lu ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹlẹ́rìí ẹnì kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú pẹ̀lú. Bí ẹnìkan kò bá mọ̀wé, kí ẹni tó kọ ìwé kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sísàlẹ̀; òfin ló ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àṣà. Bíró aláwọ̀ búlúù ni mo ń lò, kí a lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí fọ́tòkópì. Bí owó lọ́yà bá pọ̀ jù fún yín, ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ sanwó fún un láti yẹ̀ ẹ́ wò nìkan. Ẹ lọ san owó sítáǹbù ìjọba, kí wọ́n lù ú sí i, nítorí ilé ẹjọ́ lè kọ ìwé tí kò ní sítáǹbù títí ẹ ó fi san owó rẹ̀ pẹ̀lú ìtanràn. Ẹ má fi rọ́bà dì í kí ẹ tó ṣe èyí.

Lọ́dọọdún, nígbà tí ẹ bá ń ka ọjà, ẹ mú ìwé náà jáde. Ohun tó bá yí padà, ẹ kọ ọ́ sórí abala tuntun, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ sì so ó mọ́ ti àkọ́kọ́ láìpa ohunkóhun rẹ́ lára rẹ̀.