Ìtọ́jú Ọgbẹ́ Kékeré Lára Ajá, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí A Gbé e Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà Ẹranko

Ajá tó ń ṣọ́ ilé, tó ń tẹ̀ lé ni lọ sóko tàbí tó ń ṣọdẹ kò lè ṣe kó má fara gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gún a gún un, èéfọ́ ìgò a gé e lẹ́sẹ̀, ajá mìíràn a bù ú jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ọgbẹ́ wọ̀nyí ni a lè tọ́jú nílé, ṣùgbọ́n bí ẹnu ọgbẹ́ ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n ewu rẹ̀, ìwọ̀n yẹn a sì máa tan ni jẹ. Ibi tí awọ kàn bó gbàràgàdà lè jinná láìmú wàhálà dání, nígbà tí ihò kékeré tí eyín dá sí ọrùn lè ti ba ẹran jẹ́ lábẹ́ awọ níbi tí ojú kò lè rí. Ohun tó dá ọgbẹ́ náà, ibi tó wà lára, àti ìṣesí ajá lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a máa wò.

Kí a tó fọwọ́ kàn án

Ajá tí ara ń ro lè bu ẹni tó ni ín jẹ, bó ti wù kó jẹ́ onísùúrù tó. Ẹ má ṣe gbé ojú yín sún mọ́ ojú rẹ̀, ẹ má sì dì mọ́ ọn pé ẹ fẹ́ tù ú nínú. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì bá yín di orí rẹ̀ mú, kí ẹ sì fi ọ̀já aṣọ rírọ̀ dì í lẹ́nu: ẹ yí ọ̀já náà po ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú un gba abẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ sì so ó sẹ́yìn etí. A kì í di ẹnu ajá tó ń bì, tó dákú, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí imú rẹ̀ kúrú pẹlẹbẹ, nítorí ó lè sé èémí mọ́ ọn.

Dídá ẹ̀jẹ̀ dúró àti fífọ ojú ọgbẹ́

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ ká aṣọ mímọ́ lé ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ gbọn-in fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 láìṣí i wò, nítorí ṣíṣí i wò lemọ́lemọ́ ló ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì. Bí aṣọ náà bá rin gbingbin, ẹ gbé òmíràn lé e lórí láìyọ ti ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá ṣẹ́, ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́ ọn lè dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde bí ọkàn ṣe ń lù, tàbí èyí tí kò dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ti kúrò ní ti ìtọ́jú ilé. Kí ẹ ṣì máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń gbé ajá náà lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ẹ gé irun tó yí ọgbẹ́ ká, kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Fífọ̀ yìí gan-an ni ìtọ́jú. Àwọn ohun tó kù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì po iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan tí kò kún jù mọ́ ìdajì lítà rẹ̀. Ẹ da á sójú ọgbẹ́ dáadáa títí iyẹ̀pẹ̀ àti irun yóò fi ṣàn kúrò. Bí povidone-iodine, oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ọgbẹ́, bá wà, ẹ fi omi là á títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bíi ti omi tíì kí ẹ tó lò ó. Ẹ má ṣe da hydrogen peroxide, sípíríìtì, kẹrosíìnì tàbí òróró ẹ́ńjìnnì sí i. Wọ́n ń jó ẹran tuntun tó fẹ́ hù, ajá á sì tún lá wọn wọ inú.

Ẹ má ṣe fún ajá ní oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò. Ibuprofen àti diclofenac lè dá egbò sínú ikùn rẹ̀, kí wọ́n sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol náà lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan gbà pé itọ́ ajá ń wo ọgbẹ́ rẹ̀ san. Ohun tí a ń rí ni pé lílá yìí ń ṣí èépá, ó sì ń kó kòkòrò inú ẹnu wọ ojú ọgbẹ́, nítorí náà ó sàn kí a fi ike ẹlẹ́nu gbàǹgbà tí wọ́n ń yí mọ́ ajá lọ́rùn dí i lọ́wọ́. Ọgbẹ́ kékeré ara kò fi dandan nílò dídì, ṣùgbọ́n ti àtẹ́lẹsẹ̀ nílò rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́. Ìka ọwọ́ méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ báńdéèjì náà. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ àti nígbàkigbà tí omi bá rin ín, kí ẹ sì tú u lójú ẹsẹ̀ bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú tàbí tó tutù. Níbi tí eṣinṣin bá pọ̀, ẹ máa yẹ ojú ọgbẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí ẹyin eṣinṣin lè di ìdin láàárín ọjọ́ kan.

Ìgbà tó yẹ kí a lọ rí dókítà

Ọgbẹ́ tí eyín dá, bó ti wù kó kéré, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i láàárín wákàtí 24. Bí ajá bá bu ajá jẹ, ó máa ń gbọ̀n ọ́n ni, èyí sì ń ya awọ kúrò lára ẹran, tí ihò kékeré òkè yóò sì pa dé mọ́ kòkòrò nínú. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 5 ni ibẹ̀ máa ń wú, tí yóò gbóná, tí yóò sì gbọyún. Ọgbẹ́ tí ẹnu rẹ̀ là tí a sì ń rí ẹran tàbí ọ̀rá nínú rẹ̀ nílò rírán, ó sì dára kí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wákàtí 6 tó kọjá.

Ẹ má ṣe dúró rárá bí ọgbẹ́ bá wà lójú, láyà, níkùn tàbí ní oríkèé, bí egungun bá ṣẹ́, tàbí bí ejò bá bù ú ṣán. Ohun tó gún un tó sì wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀, ẹ má fà á yọ, torí ó lè jẹ́ pé òun ló ń dí ẹ̀jẹ̀. Ajá tí ọkọ̀ gbá tún yàtọ̀: ó lè dìde kó rìn, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà sínú rẹ̀. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè, ẹ fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìka kúrò. Àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Èrìgì tó funfun tàbí tí kò tètè padà ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò yí ara ká bó ṣe yẹ.

Ọgbẹ́ tí ẹ ń tọ́jú nílé náà, ẹ gbé e lọ bí pupa àti wíwú rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bó bá ń rùn, bí ajá kò bá jẹun, tàbí bí ìgbóná ara rẹ̀ bá kọjá 39.4°C, ti ajá tó ní ìlera máa ń wà láàárín 38 sí 39.2.

Bí ẹranko tí ẹ kò mọ̀ bá bù ú jẹ, ẹ fi dìgbòlugi sọ́kàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì sọ fún dókítà kódà bí ajá bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí ó lè nílò òmíràn kíá. Bí ènìyàn ni ó bù jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ibi tí ara ènìyàn ti là, kí ẹni náà fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àìsàn yìí bá ti lè yọ lára ènìyàn, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tó yè é.

Tí ẹ bá ń gbé ajá náà lọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí aṣọ líle bí kò bá lè rìn, kí ẹ sì mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání. Ẹ má ṣe fún un lóúnjẹ kí ẹ tó gbéra, nítorí wọ́n lè ní láti fún un ní oògùn akunlóorun kí wọ́n tó rán ọgbẹ́ náà.