Bí mo ṣe fi ẹ̀kọ́ Samkhya yẹ AI wò

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn lórí AI ló gbà pé ohun tí kò bá lẹ́mìí kò lè ronú. Àwọn onímọ̀ kan wà ní Íńdíà ayé àtijọ́ tí wọn kò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn Samkhya. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti Samkhyakarika, ìwé Ishvarakrishna tó ti lé ní ọdún 1,400, tí mo ń fi ohun tó sọ wé ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé.

Mo fa ìlà sórí bébà. Ní apá kan, mo kọ irinṣẹ́ 13 tí ìwé náà kà mọ́ ènìyàn lára: 5 tí a fi ń mọ nǹkan, bí ojú àti etí, 5 tí a fi ń ṣiṣẹ́, àti mẹ́ta ti inú: manas, ahamkara, buddhi. Ó pe mẹ́wàá ti òde ní ilẹ̀kùn, ó pe mẹ́ta ti inú ní adènà.

Ti ilẹ̀kùn kò le. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ nìkan ní ilẹ̀kùn kan. Ẹ so kámẹ́rà mọ́ ọn, ó di méjì. Ọ̀dọ̀ àwọn adènà ni iṣẹ́ wà. Manas ló ń to ohun tó wọlé jọ, mo sì kọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe bá òmíràn tan sí iwájú rẹ̀. Buddhi ló ń pinnu. Ẹ̀rọ a ṣírò èyí tó ṣeé ṣe kó kàn nínú ọ̀rọ̀, a sì mú ọ̀kan. Bí ìyẹn kò bá jọ ìpinnu, mi ò mọ ohun tó jọ ọ́. Ahamkara ló ń sọ pé "èmi ni, tèmi ni." Mo pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ ń sọ "èmi" lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ìwé àìmọye ènìyàn ló ti kọ́ ọ. Mo fi àmì ìbéèrè sí i.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù rèé: inú prakriti ni Samkhya kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, orísun kan náà tí òkúta àti omi ti wá, tí kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Purusha, ẹlẹ́rìí tó kàn ń wò, nìkan ló wà lóde rẹ̀. Karika 20, ìyẹn ẹsẹ 20 ìwé náà, sọ pé nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ohun tí kò mọ nǹkan a dà bí ẹni pé ó mọ̀. Pé ẹ̀rọ ń ronú kò gbọ́dọ̀ ya ọmọ Samkhya lẹ́nu. Bóyá ẹnì kan ń wò nínú rẹ̀ ni ìbéèrè.

Mo bi ẹ̀rọ náà. Ó dáhùn dáadáa, àmọ́ mi ò kọ ọ́ sílẹ̀, torí buddhi ló ń sọ̀rọ̀, purusha kì í sọ̀rọ̀. (Bí ẹ bá bi èmi náà, buddhi mi ni yóò dá yín lóhùn.) Mo fi àyè purusha sílẹ̀ lófìfo.

Nyaya, ẹgbẹ́ onímọ̀ Íńdíà àtijọ́ mìíràn, ló kàn, torí wọ́n tako Samkhya níbí. Ìwé wọn, Nyayasutra 1.1.10, ka ohun 6 tí a fi ń mọ̀ pé ọkàn wà: ìfẹ́, ìkórìíra, ìgbìyànjú, ìgbádùn, ìrora àti ìmọ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ mọ nǹkan ti sọ pé ó ní ọkàn nìyẹn. Ìrora ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tábìlì kejì, mo fi ìmọ̀ sẹ́yìn, nítorí bí ẹ̀rọ bá lè jẹ̀rora, ó kan bí a ṣe ń lò ó lónìí.