Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ká fi yí oúnjẹ màlúù padà

Bí ẹ bá ra akọ màlúù tó ti ń jẹ koríko nìkan, tí ẹ sì fẹ́ fi àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́ ọ kó sanra, ẹ má kánjú. Kòkòrò àìfojúrí inú ṣàkì ló ń mú oúnjẹ rẹ̀ dà, èyí tó mọ̀ nípa koríko sì yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀ nípa àgbàdo.

Bí àgbàdo bá dé lójijì, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Streptococcus bovis á pọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, á sì máa tú ásíìdì, ìyẹn omi kíkan, jáde. Megasphaera elsdenii, kòkòrò mìíràn tó ń jẹ ásíìdì yẹn, kì í tètè pọ̀ tó. Tí pH ṣàkì (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) bá ti lọ sílẹ̀ ju 5.6 lọ, àwọn tó ń mú koríko dà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tó bá kéré sí 5.0, ẹ̀mí màlúù wà nínú ewu. Ìrun-ìrun tẹ́ ẹ máa ń rí lára ṣàkì lọ́dọ̀ alápatà ló ń fa ásíìdì sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó gùn.

Màlúù 250 kg nílò nǹkan bíi 7 kg oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́ (àdàlù ni àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a pò pọ̀):

Ọ̀sẹ̀ kìíní: koríko gbígbẹ 5 kg, àdàlù 2 kg.
Ọ̀sẹ̀ kejì: koríko 4 kg, àdàlù 3 kg.
Ọ̀sẹ̀ kẹta: koríko 3 kg, àdàlù 4 kg.
Lẹ́yìn náà: koríko 2 kg, àdàlù 5 kg.

Ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, koríko ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Ẹ fọ́ àgbàdo sí wẹ́wẹ́ lásán. Èyí tó kúnná jù máa ń tètè di ásíìdì. Ẹ sá èèpo ẹ̀gẹ́ títí yóò fi máa ṣẹ́ pákápáká, torí oró wà nínú tútù rẹ̀. Ẹ má fo ọjọ́ kan kí ẹ wá fi ìlọ́po méjì dí i lọ́jọ́ kejì: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù màlúù. Bí wọ́n bá pọ̀ nídìí ọpọ́n, ẹ rí i pé èyí tó lágbára ò jẹ ìpín ẹlòmíì.

Ọ̀ràn ọmọ màlúù yàtọ̀. Wàrà kì í gba inú ṣàkì rẹ̀ kọjá, ṣàkì náà sì kéré gan-an. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa gbé ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo fífọ́ àti koríko rírọ̀ síwájú rẹ̀, kí ìrun-ìrun yẹn lè hù. Ẹ má fi yúríà, ajílẹ̀ tí àwọn kan máa ń pò mọ́ oúnjẹ màlúù ńlá, sí oúnjẹ rẹ̀ rárá.

Tí ìgbẹ́ màlúù bá ṣàn, tó ń hó, tó ń rùn kíkan, tí kò sì jẹ àpọ̀jẹ mọ́, ẹ kó àdàlù kúrò, ẹ fún un ní koríko gbígbẹ, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá yá, òṣùwọ̀n ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ padà.