Bí Mánijà Bá Ní, "Ẹ Bá Wa Wò Ó Ná"

Stóò ni mò ń tọ́jú níbi tí iléeṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ti ń pín ọjà ní ọ̀nà Oǹdó, ní Àkúrẹ́ níbí. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, torí àwọn ló ṣì ń sanwó oṣù mi. Nígbà tí ààrẹ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, àwa mọ́kànlélógún la wà níbẹ̀. Bẹntiróòlù tí a ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà ní lítà kan tẹ́lẹ̀ fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọjà lọ sí Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀ kò lè máa lọ lójoojúmọ́ mọ́, àwọn oníbàárà dín iye kúréètì tí wọ́n ń gbà kù, àwọn ọ̀gá l'Ékòó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí èèyàn. Kí ọdún náà tó parí, a ti ku mẹ́sàn-án.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé èèyàn. Ti àkọ́kọ́ ló dùn mí jù, torí orí gúrúpù WhatsApp la ti mọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, mò ń rokà lọ́wọ́. Fóònù dún, mo wò ó: wọ́n ti yọ akọ̀wé waybill, ìwé tó máa ń bá ọjà rìn, kúrò lórí gúrúpù. Kò pẹ́, wọ́n yọ ìkejì, wọ́n yọ ìkẹta. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó fún wọn níwèé. Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni mánijà wá sí stóò, ó gbé rẹ́jísítà waybill lé tábìlì mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo èyí ná." "Ná" yẹn lo ọdún kan ààbọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń dá èèyàn dúró níbi iṣẹ́ yín báyìí, "ná" ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Wọn kì í sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ti di tiẹ̀. Wọ́n á kàn ní kó bá àwọn wo nǹkan. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe lé ọmọ ọlọ́mọ lọ ilé kì í lẹ́nu láti bi wọ́n pé títí dìgbà wo. Èmi náà ò bi wọ́n. Inú mi tiẹ̀ ń dùn ní ìkọ̀kọ̀ pé wọn ò dárúkọ mi. Ojú wá ń tì mí pé inú mi dùn, ni mo bá gbé ẹrù náà láìjanpata.

Ẹ ra ìwé. Mo mọ̀ pé fóònù wà, àmọ́ ìwé ni kí ẹ rà, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ọjà Ọba ni mo ti ra tèmi. Mo fi rúlà pín ojú ewé sí mẹ́ta: iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún, iṣẹ́ ẹlòmíì tó ti di tèmi, àti wákàtí tó ń gbà. Inú ìwé ìgbàsíṣẹ́ mi ni mo ti rí apá àkọ́kọ́ kọ. Ẹ lọ wá tiyín jáde lábẹ́ ẹní. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ ọ́, lójoojúmọ́, kí n tó ti ilẹ̀kùn stóò. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ inú bíbí kankan síbẹ̀, wákàtí ni mo kọ. "Ìṣẹ́gun. Waybill, aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá ààbọ̀. Gbígba èmùtì (kúréètì ìgò òfìfo) lọ́wọ́ oníbàárà, mẹ́wàá ààbọ̀ sí ọ̀kan. Pípe àwọn tó jẹ wá ní gbèsè, méjì sí mẹ́rin. Stóò, mẹ́rin sí méje." Nígbà tí mo ka ọjọ́ yẹn padà, mo rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí gan-an, ìgbà tó yẹ kí n ti máa lọ sílé ni mò ń ṣe é. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àgbà ló ń dé, tí iṣẹ́ ò fi yá lọ́wọ́ mi mọ́.

Kí n sọ ti alẹ́ kúréètì, torí irú ẹ̀ lè ti ṣe ẹ̀yin náà. A máa ń ka èmùtì ní ìparí oṣù. Iná ti lọ, wọn ò sì ra epo sí jẹnẹrétọ̀ torí à ń ṣọ́ owó ná. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: 412. Mo tún un kà: 408. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: 421. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ka kúréètì, mo lè kà á lójú oorun. Mo dojú kúréètì kan dé, mo jókòó lé e, mo kọ 412 sílẹ̀, kò sì ṣe mí bí nǹkan kan. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rù wá bà mí, pé mo kọ irọ́ sílẹ̀ tí kò sì ṣe mí bí nǹkan kan.

Láti ọdún 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ṣàlàyé irú nǹkan yìí, burnout ni wọ́n ń pè é. Wọn ò kà á kún àìsàn; wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí kò sì rí àbójútó ló ń fà á. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: kí okun inú èèyàn tán, kí ọkàn ẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ tàbí kí iṣẹ́ máa sú u, kí iṣẹ́ má sì yọrí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jókòó tì mí lórí kúréètì yẹn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á o. Ebi wá kún un.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti wà nínú ìwé, ẹ lè lọ bá ọ̀gá. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí inú ń bí yín, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Ajé. Níbi iṣẹ́ wa, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló dáa, lẹ́yìn tó bá ti jẹun tán, kí ìpè Èkó tó bẹ̀rẹ̀. Mánijà wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí. "Ẹ kú iṣẹ́, mà" ló máa ń kí mi kó tó fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ mi, èmi náà á ní "Ẹ ṣé, sà," màá sì gbà á. Ẹ̀kọ́ ilé ló dí àwa méjèèjì lẹ́nu: kò lè pàṣẹ fún mi, èmi náà ò sì lè sọ pé mi ò ṣe. Ìwé yẹn ló bá wa sọ ọ́.

Mo ṣí i síwájú ẹ̀. Mo ní, "Sà, iṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbí. Wákàtí tí mo ní lóòjọ́ ò lè gbà ju méjì ààbọ̀ lọ. Ẹ bá mi mú èyí tí ẹ fẹ́ kó fà sẹ́yìn." Ẹ há ìyẹn sórí bó ṣe wà. Tí ẹ bá ní ó rẹ̀ yín, ó rẹ òun náà, ẹ̀rù ń ba òun náà pé orúkọ òun lè wà lórí ìwé tó ń bọ̀. Tí ẹ bá ní kò dáa, yóò gbà pé kò dáa, yóò bẹ̀ yín, ẹ ó sì padà síbi iṣẹ́ yín. Àmọ́ tí ẹ bá ní kó mú èyí tó máa fà sẹ́yìn, àfi kó mú un. Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, "Ṣé gbígba èmùtì gba àkókò tó báyìí ni?" Kò mọ̀! Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè kó tó lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ gbèsè fún àwọn tó ń ta ọjà níta, ó ní a ó máa gba èmùtì ní Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan. Waybill ò kúrò. Ẹ má retí pé gbogbo ẹ̀ ni yóò kúrò.

Kí ẹ tó dìde, ẹ bi í lọ́jọ́ tí "ná" máa parí. Tó bá ní òun ò mọ̀, ẹ fún un lọ́jọ́ kan. Tí ẹ bá ti padà dé ìjókòó yín, ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní pẹ̀lẹ́: "Ẹ ṣé, sà. Bí a ṣe sọ ọ́, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ la ó máa gba èmùtì láti ọ̀sẹ̀ yìí. A ó tún jókòó lórí waybill lọ́jọ́ 15." Àtàǹpàkò ló fi dá mi lóhùn. Nígbà tí ọ̀gá kan pè láti Èkó lóṣù tó tẹ̀ lé e pé kí ló dé tí èmùtì ń pẹ́, àtàǹpàkò yẹn ni mo ya àwòrán ẹ̀ fún un.

Ẹ tún pe àwọn tó lọ. Ojú tì mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó pe akọ̀wé waybill. Ó ní òun ti ń retí ìpè mi. Ó ní kí n má máa kọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí n kó wọn jọ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, Ìdànrè lọ́tọ̀, Ọ̀wọ̀ lọ́tọ̀, kí n wá kọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tó wákàtí kan tó bọ́ lọ́rùn mi lóòjọ́. Èmi náà fi káàdì sórí fóònù ẹ̀, a sì bú àwọn ọ̀gá dáadáa. Ẹ máa bú wọn, ó ń mára yá. Ẹ má ṣáà bú wọn lórí gúrúpù.

Ní ti ìsinmi, Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà sókè lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tó tó wákàtí kan nínú ẹ̀, kó ní ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ méje, kó sì ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n á sanwó ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yẹn kàn. Ẹ̀yin ọ̀gá, ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kà. Mo gba líìfù mi, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìta-Ògbólú. Mo sùn fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, Màmá rọra wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n bi mí bóyá mo lóyún ni.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín, kí iléeṣẹ́ fi 10 kún un, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n sanwó. Nígbà tí mo gba àkọsílẹ̀ tèmi, oṣù márùn-ún ni wọ́n ti yọ lọ́wọ́ mi tí kò dé inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n san mẹ́ta, mo ṣì ń dún fún méjì. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó pé ẹni 50 ọdún lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà tí kò bá rí iṣẹ́ mìíì fún oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin yẹn ni kí ẹ máa ra gààrí sílẹ̀ dè.

Tó bá wá kan yín, nínú Òfin Iṣẹ́ yẹn, iye ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ló máa sọ iye àkíyèsí tó tọ́ sí yín kí wọ́n tó dá yín dúró. Láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú yín, ẹni tó dé kẹ́yìn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àyàfi tí ìmọ̀ iṣẹ́ bá yàtọ̀. Òfin náà ò dá iye kan lé owó gbà-má-bínú, dúnàádúrà ni, nítorí náà ẹ má tètè buwọ́ lùwé. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ń jókòó ní Àkúrẹ́ níbí. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni bàbá dẹ́rẹ́bà wa ti buwọ́ lu tiwọn, wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n kàn fi hàn pé ìwé ti dé ọwọ́ wọn. Ilé ni ọmọ wọn ti kà á fún wọn pé wọ́n ti gbà pé kò sí owó kankan tó kù tó yẹ kí àwọn gbà. Wọn ò mú awò ojú wọn lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi tiyín sínú báàgì.