Ẹ ò nílò net kẹ́ ẹ tó mọ bowling: práátíìsì kíríkẹ́ẹ̀tì nínú kọ́ḿpáùǹdù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní wíkẹ́ǹdì, tẹ́ ẹ wá ń ráhùn pé bọ́ọ̀lù yín ń lọ síbi tó wù ú, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ò bowl tó láàárín ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ò ju bọ́ọ̀lù tó bí wọ́n ṣe ń jù ú sẹ́ni tó ń gbá a, òun náà nìyẹn. Àwọn kan á ní pápá TBS (Tafawa Balewa Square) l'Ékòó jìnnà, UNILAG náà jìnnà, kò sí net, ìyẹn ibi práátíìsì tí wọ́n fi àwọ̀n yí ká, ládùúgbò. Ó dáa, ta ló ní dandan ni net? Ṣebí Bumrah ọmọ Íńdíà tó ń da wíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń gbá, kálẹ̀ káàkiri ayé yìí, nígbà tó wà ní kékeré ní Ahmedabad, inú ilé ló ti ń bowl mọ́ ògiri, ìyá ẹ̀ ní ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù, ló bá kúkú ń fojú sun ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, torí tó bá balẹ̀ síbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Yorker, bọ́ọ̀lù tó ń balẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá, tó ń dààmú gbogbo èèyàn lónìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Bọ́ọ̀lù lẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Èyí tí wọ́n fi awọ ṣe ń sún mọ́ gíráámù 160, tó bá lọ fọ́ gíláàsì mọ́tò láńlọ́ọ̀dù, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ ra bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì, kẹ́ ẹ fi téèpù iná wé e, bí àwọn ará Karachi ní Pakistan ṣe máa ń ṣe é. Bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì ò ju bíi gíráámù 58 lọ, téèpù yẹn ló máa jẹ́ kó wúwo díẹ̀, kó má sì máa ta sókè jù bó bá ti balẹ̀. Ẹ fa téèpù náà le bẹ́ ẹ ṣe ń wé e, kí etí ìkan gun etí ìkejì díẹ̀, ibi tó bá wú, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Èmi fẹ́ràn kí n fi dúdú wé ìlàjì kan, kí n fi funfun wé ìkejì. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ẹ gé téèpù gígùn kan, ẹ lọ́ ọ bí òwú fìtílà, ẹ fi yí bọ́ọ̀lù po, kẹ́ ẹ wá fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, seam yín, ìyẹn ilà tó yọ sókè lára bọ́ọ̀lù, nìyẹn. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín lórí ẹ̀, àtàǹpàkò lábẹ́. Tó bá kúrò lọ́wọ́ yín dáadáa, funfun á wà lápá kan, dúdú lápá kejì, títí tó fi máa balẹ̀. Tí àwọ̀ méjèèjì bá dàrú mọ́ra wọn lójú yín, ọrùn ọwọ́ yín ló ń yẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Kò sí kóòṣì tó máa sọ ìyẹn fún yín kíá tó bẹ́ẹ̀.

Stump, ìyẹn igi mẹ́ta tẹ́ ẹ máa fojú sùn, ò le ṣe rárá. Rọ́bà pẹ́ńtì tó ti ṣófo, yanrìn tútù nínú ẹ̀, igi mọ́ọ̀pù mẹ́ta. Gíga ẹ̀ 71 sẹ̀ǹtímítà, láti ilẹ̀ o, kì í ṣe láti ẹnu rọ́bà, kí fífẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ 23. Ẹ má po síminti sí i jàre, igi tí ò bá lè mì máa ń ṣẹ́.

Stump sí stump jẹ́ mítà 20.12, ilà tẹ́ ẹ ti máa bowl sì jẹ́ mítà 1.22 níwájú stump tiyín. Ẹ ra okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ ta kókó sí i níbi tó yẹ, ó parí. Tí kọ́ḿpáùǹdù ò bá gùn tó, ẹ dúró sójú kan kẹ́ ẹ bowl láti mítà 12, ó ṣì dáa ju jíjókòó lọ.

Ibi tó ṣe pàtàkì wá nìyí, ibi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀. Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, bíi mítà 6 sí 7 sí stump tẹ́ ẹ dojú kọ tẹ́ ẹ bá jẹ́ eléré, ìyẹn ẹni tó ń fi eré bowl, mítà 4 sí 5 tó bá jẹ́ spin, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kì í yára tó ń yí, kó wà ní tààràtà off stump, igi tó wà lápá òsì yín tí ẹni tó ń gbá bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ju mẹ́fà, ẹ kọ iye tó ba àpò sílẹ̀, ẹ tún ju mẹ́fà. Tí mẹ́ta nínú mẹ́fà ò bá tíì máa bà á, ẹ ò gbọdọ̀ fi kún eré. Tó bá ti ń bà á, ẹ ká àpò sí méjì kẹ́ ẹ máa bọ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ sáré bọ́ọ̀lù, àmọ́ ẹ rántí Jánúárì 2025, nínú World Cup àwọn obìnrin tí ò tíì pé 19, over 13 péré (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni over kan) ni wọ́n gbá, run (àmì) 65 làwọn ọmọ Nàìjíríà wa ní, New Zealand sì dúró sí 63! Ọwọ́ àwọn bọ́láà ló wà.

Fún eré tẹ́ ẹ máa sá wá, ẹ kẹ́yìn sí stump, ẹ sáré láti orí ilà lọ sápá kejì bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ bowl láìwolẹ̀, kí ẹnì kan sàmì síbi tẹ́sẹ̀ iwájú bá gúnlẹ̀. Ibẹ̀ lẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé fóònù lé búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ká fídíò slow motion, kẹ́ ẹ wo nǹkan méjì péré: ṣé díẹ̀ nínú ẹsẹ̀ iwájú ṣì wà lẹ́yìn ilà, torí bí ò bá sí, no-ball, bọ́ọ̀lù tó lòdì sófin, ni, àti ìgbúnwọ́, tó bá ká tẹ́ ẹ wá ń nà án kó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ ti ń sọ̀kò nìyẹn. Dígírì 15 lòfin gbà, ojú lásán ò lè wọ̀n ọ́n, ẹ kúkú jẹ́ kó gún.

Ẹ sáré díẹ̀ kára móoru kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ má fi sílípáàsì bowl lórí kọ́ńkéré. Tó bá jẹ́ ọmọdé lẹ́ ẹ ń kọ́, ẹ má jẹ́ kó fi eré bowl lójoojúmọ́, egungun ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́ tó ń bowl eléré máa ń sán, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó san. Tó bá ti ní ẹ̀yìn ń dun òun, kó sinmi, kẹ́ ẹ mú un lọ rí dókítà.