Bí Ilé Ìkàwé Ṣe Lè Mọ Èrò Àwọn Òǹkàwé Nípa Iṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kí ilé ìkàwé gbogbogbòò tó ṣí ojú ìwé tuntun sórí Facebook, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi àwọn òǹkàwé rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ má fi ìbéèrè náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, nítorí pé àwọn tí kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì, tí èrò wọn ṣe kókó nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò ní rí i rárá; ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pẹ̀lú, kí ẹ sì gbé e sórí tábìlì tí wọ́n ti ń yá ìwé.

Ọ̀nà tí Rensis Likert, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1932 láti fi wọn èrò àwọn èèyàn ṣì wúlò: ẹ kọ gbólóhùn kan, kí òǹkàwé sì fi àmì sí bó ṣe fara mọ́ ọn tó, láti “mo fara mọ́ ọn gan-an” títí dé “n kò fara mọ́ ọn rárá.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá lé. “Ó rọrùn fún mi láti fi fóònù wá ìwé” dára. Bí ẹ bá fi “mo sì fẹ́ràn ojú ìwé Facebook yín” kún un, ẹ kò ní mọ èyí tí òǹkàwé ń dáhùn nínú méjèèjì.

Ẹ ya ìbéèrè nípa àṣírí sọ́tọ̀, ẹ má sì béèrè orúkọ. Ẹni tó fẹ́ràn kátálọ́ọ̀gì orí ẹ̀rọ, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn ìwé tó wà nílé ìkàwé, lè má fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń kà, kò sì yẹ kí a pè é ní aláìlajú.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àwọn díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wá ìwé lórí fóònù. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti ń há ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.