Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìbẹ̀rẹ̀ Akọni Ọ̀dọ́ Nínú Ìwé Kọ́míìkì

Agbára kọ́ ni ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ akọni dá lé. Ohun tí ọmọ náà ṣe, tàbí ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, ni òǹkàwé máa ń rántí. Nínú ìwé kọ́míìkì Amazing Fantasy nọ́ńbà 15, oṣù kẹjọ 1962, ojú ìwé 11 péré ni Stan Lee tó kọ ọ́ àti Steve Ditko tó yà á fi gbé akọni tó ń jẹ́ Spider-Man jáde. Aláǹtakùn bu ọmọ inú ìtàn náà jẹ, ó di alágbára, ó rán aṣọ, ó sì ń fi agbára pawó lórí tẹlifíṣọ̀n. Títí dé ibẹ̀, kò tíì di akọni. Olè kan wá sá kọjá níwájú rẹ̀, kò dá a dúró. Olè yẹn kan náà ló lọ pa ọkùnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú pẹ́ńsùlù, ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ohun tí ọmọ náà ń fẹ́, àléébù rẹ̀, ohun tí agbára rẹ̀ lè ṣe, àti ohun tí agbára náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àyánbùnmi jẹ́ ọmọ ọdún 12 nílé onílù ní Ọ̀yọ́. Ó ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ìyáàlù kọ́ lọ́jọ́ ọdún. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ kì í gbà á láti sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ. Agbára rẹ̀: ìró tó bá gbọ́, ó lè kó o sínú gángan rẹ̀, kó sì tú u síta nígbà tó bá wù ú. Ohun tó ń ná an: ìró ẹyọ kan ṣoṣo ni gángan náà ń gbà, bó bá sì ti tú u, etí rẹ̀ á di fún wákàtí kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n á ní kí ọmọ máa fò, kó máa yọ iná lẹ́nu, kí ọta ìbọn má ràn án. Kí ló wá kù tó lè dẹ́rù bà á? Agbára kan tó ní ààlà ló ń fún òǹkọ̀wé níṣẹ́ ṣe, torí gbogbo ìgbà ni òǹkàwé á máa ronú pé: ìró wo ló wà nínú ìlù báyìí, ṣé àsìkò tó láti tú u?

Ẹ so àléébù mọ́ orísun agbára. Àyánbùnmi máa ń yọ́ lọ sẹ́yìn ilé àtijọ́ kan láti fi ìlù dánra wò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbọ́ tí ògiri ibẹ̀ ń dún pẹ́, pẹ́, pẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á bi í pé kí ló wá débẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ògiri wó lu àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì bo òun náà mọ́lẹ̀ tòun ti gángan. Ìró wíwó yẹn ni ìró àkọ́kọ́ tó wọnú ìlù. Ẹ̀bi àti agbára jọ jáde láti inú ògiri kan náà, ẹ kò sì ní nílò ìpínrọ̀ àlàyé kankan mọ́ lórí ìdí tí ọmọ yìí kò fi ní dákẹ́ mọ́.

Ìwé tí wọ́n ká sí méjì tí wọ́n fi sítépù gán láàárín, iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín. Ẹ mú 20. Ojú ìwé 1 sí 6 jẹ́ ti ọmọ náà kí agbára tó dé: ilé, ìlù, àbúrò, ohun tó ń pa mọ́. Ẹ má fi ìkánjú gé e kúrú; ẹni tí a kò mọ̀, ìyà rẹ̀ kì í dun òǹkàwé. Ògiri wó ní 7 àti 8. Láti 9 dé 13, ó ń dán agbára wò, ó sì ń ṣì í lò. Ní 14 sí 17, wàhálà gidi àkọ́kọ́ dé, kó sì pàdánù nǹkan níbẹ̀. Ìpinnu, orúkọ akọni àti aṣọ lè dúró di 18 sí 20.

Ojú ìwé 1 máa ń bọ́ sí apá ọ̀tún, nítorí náà nọ́ńbà tí kò ṣeé fi 2 pín ni gbogbo ti ọ̀tún. Ìyàlẹ́nu ò gbọdọ̀ wà lápá ọ̀tún, torí ojú òǹkàwé á ti rí i kó tó ka ti òsì tán. Ẹ fi í sí òkè ojú ìwé òsì tó ń bẹ lẹ́yìn ṣíṣí: ògiri ń mì ní àpótí àwòrán tó gbẹ̀yìn ní 7, ó wó ní 8.

Àgbàlagbà tún máa ń ba ìtàn akọni ọ̀dọ́ jẹ́. Bí bàbá bá dé tó yanjú ọ̀rọ̀, kí la fẹ́ fi akọni ṣe? Síbẹ̀, nínú agboolé, àṣírí ò rọrùn láti pa mọ́. Ẹ yan ẹnìkan ṣoṣo tó mọ̀, bóyá ìyá àgbà tó rí i pé ọmọ ò dáhùn ìpè, kó sì jẹ́ ẹni tí kò lè bá a ja ìjà náà.

Àpótí 5 tàbí 6 ti tó lójú ìwé kan, kí ọ̀rọ̀ inú àpótí kan má ju nǹkan bí 30 lọ. Àmì ohùn ni ká wá fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì (irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà) kọ́míìkì kò ní ẹ, ọ, ṣ, lẹ́tà ńlá nìkan ni wọ́n sì ní. Bí àmì bá já, ÒGIRI Ń WÓ lè di OGIRI N WO, kí ẹnìkan máa rò pé ògìrì ọbẹ̀ ni. Ẹ tẹ Ọ̀PỌ̀LỌPỌ̀ Ẹ̀FỌ́ ṢẸ̀ṢẸ̀ DÉ wò kí ẹ tó yan fọ́ǹtì. Bí àmì bá fò kúrò lórí lẹ́tà, ẹ má lo fọ́ǹtì yẹn. Fọ́ǹtì Andika àti Noto Sans gba gbogbo rẹ̀. Ẹ fi àlàfo ìlà sí ìdá 130 sí 140 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àmì ìlà ìsàlẹ̀ má baà gún ẹsẹ̀ lẹ́tà ìlà òkè.

Ọ̀rọ̀ ìlù ní tirẹ̀, ẹ má kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ to sílébù sí ipele mẹ́ta, dò, re, mí: Ò nísàlẹ̀, GI àti RI láàárín, Ń àti WÓ lókè. Ojú á gbọ́ ìlù náà. Ohun tí Àyánbùnmi kò lè fẹnu sọ ní ojú ìwé 5, ẹ jẹ́ kó fi ìlù sọ ọ́ ní 19.

Ìró tí ẹ ń kọ sínú àwòrán náà kò gbọdọ̀ jẹ́ BOOM àti CRASH. Ohùn ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń gbé ohun ńlá, ohùn òkè ló máa ń gbé ohun kékeré, bíi rògòdò àti róbótó. Ẹ kọ PẸ́, PẸ́ tín-ín-rín sára ògiri tó ń sán, kí GBÌÌ sì gba ìdajì ojú ìwé nígbà tó bá wó.

Ẹ yà á bí ọmọdé. Akọni àgbà máa ń ga tó orí mẹ́jọ. Ọmọ ọdún 12 kò ju nǹkan bí orí mẹ́fà àbọ̀ sí méje lọ.

Bí ẹ bá yàwòrán lórí A4 tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí A5, gbogbo nǹkan á súnkì sí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 12 á di 8.5, kò sì yẹ kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àmì ìsàlẹ̀ á parẹ́. Kí àwọ̀ kọjá etí ìwé ní mìlímítà 3 yíká, ìyẹn 154 × 216, kí ọ̀rọ̀ sì jìnnà sí etí tó mìlímítà 10. Ẹ lo 300 dpi (iye ẹyọ àmì nínú íǹṣì kan) fún aláwọ̀, 600 fún ìlà dúdú. Àwọ̀ aró tó ń dán lórí kọ̀ǹpútà máa ń ṣú nínú CMYK, àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pò pọ̀; ẹ gba ẹ̀dà kan wò lọ́wọ́ atẹ̀wé kó tó tẹ ìyókù.

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi bébà bo gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹ gbé ìwé náà fún ọmọ ọdún 10 kan. Bí kò bá lè sọ ohun tí Àyánbùnmi fi pa mọ́ ní ojú ìwé 5, ẹ tún ojú ìwé náà yà.